Àárò Ohun tí Kò Tíì Lọ: Il Gattopardo nínú Ìwé àti nínú Sinimá



Ìfáàrà

Ìwé ìtàn àròsọ kan àti sinimá tí wọ́n fi ìwé náà ṣe ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lórí. Orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ́, Il Gattopardo. Ní èdè Ítálì, ẹranko alára tótòtó kan tí ó jọ ẹkùn ṣùgbọ́n tí kò tó ẹkùn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Archibald Colquhoun, tí ó túmọ̀ ìwé náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1960, pè é ní ẹkùn. Èmi náà yóò pè é bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹranko yìí ni àmì ìdílé tí ìtàn náà sọ̀rọ̀ rẹ̀. Giuseppe Tomasi di Lampedusa ni ó kọ ìwé náà. Luchino Visconti ni ó darí sinimá rẹ̀, tí ó jáde ní 1963.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ni ó kàn wá nínú ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́lá erékùṣù Sísílì. Ìdáhùn mi kò gùn. Ní 1974 ni Akínwùmí Ìṣọ̀lá tẹ Ó Le Kú jáde. Ní 1997 ni Túndé Kèlání fi í ṣe sinimá. Títí di òní, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa bi mí bóyá sinimá náà bá ìwé mu tàbí kò bá a mu. Mo ti wá rí i pé ìbéèrè náà kò tó. Ohun tí ó yẹ kí a béèrè ni pé: ìbànújẹ́ tí ó wà nínú ìwé, níbo ni sinimá gbé e sí? Ta ni ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ta ni ó sì gbé e fún? Mo yan àpẹẹrẹ tí ó jìnnà sí wa, kí ìfẹ́ tí a ní sí àwọn òǹkọ̀wé wa má baà tì wá láti ṣe ojúsàájú.

Ìwé náà àti ẹni tí ó kọ ọ́

Ní ọjọ́ 23, oṣù Kejìlá, 1896, ni a bí Lampedusa ní ìlú Palermo. Oyè ìdílé rẹ̀ ni a lè pè ní Ọmọba Lampedusa. Kì í ṣe pé bàbá rẹ̀ jọba. Oyè àwọn ọlọ́lá onílẹ̀ ni. Nígbà tí yóò fi dàgbà, oyè ṣì wà ṣùgbọ́n owó ti ń tán lọ. Ní oṣù Kẹrin, 1943, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, bọ́ǹbù wó ààfin ìdílé rẹ̀ ní Palermo. Ilé tí wọ́n bí i sí, tí ó fẹ́ràn ju ohunkóhun lọ, di àlàpà.

Ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀ ni ó kọ ìwé yìí. Ní 1956 ni ó parí rẹ̀. Ilé ìtẹ̀wé Mondadori kọ̀ ọ́, ti Einaudi náà kọ̀ ọ́. Elio Vittorini, òǹkọ̀wé tí òun náà jẹ́ ọmọ Sísílì, wà lára àwọn tí kò fọwọ́ sí i. Ní ọjọ́ 23, oṣù Keje, 1957, Lampedusa kú ní Róòmù láìfojú kan ìwé rẹ̀ ní títẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìwé náà dé ọwọ́ Giorgio Bassani, ilé ìtẹ̀wé Feltrinelli sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní oṣù Kọkànlá, 1958. Ní 1959 ó gba ẹ̀bùn Strega, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀bùn tí ó lọ́lá jù lọ fún lítíréṣọ̀ ní Ítálì. Ẹni tí ó gbin igi ọ̀pẹ náà kò sí níbẹ̀ mọ́ nígbà tí wọ́n ń pín ẹmu.

Apá mẹ́jọ ni ìwé náà ní. Oṣù Karùn-ún, 1860, ni ó bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù yẹn, Garibaldi gúnlẹ̀ sí Marsala pẹ̀lú nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan ọkùnrin, láti gba Sísílì kúrò lọ́wọ́ ìdílé Bourbon, kí ó sì so ó mọ́ Ítálì tuntun. Fabrizio, Ọmọba Salina, ni olú ẹ̀dá ìtàn náà. Géńdé ni, onígbèéraga ni, ìràwọ̀ ojú ọ̀run sì ni ó ń wò lálẹ́ pẹ̀lú awò rẹ̀. Baba ńlá Lampedusa kan, tí òun náà jẹ́ awòràwọ̀, ni òǹkọ̀wé wò kọ ọ́. Tancredi, ọmọ arábìnrin rẹ̀ tí kò ní òbí mọ́, lọ bá Garibaldi. Kì í ṣe pé ó kórìíra ẹgbẹ́ tirẹ̀. Ó gbà pé bí àwọn ọlọ́lá bá bá àyípadà rìn, àyípadà kò ní gba ipò wọn lọ́wọ́ wọn. Concetta, ọmọ Fabrizio, fẹ́ràn Tancredi. Ṣùgbọ́n Angelica ni Tancredi fẹ́, ọmọ Don Calogero Sedara, olówó tuntun tí ń fi ọgbọ́n àrékérekè ra ilẹ̀ àwọn ọlọ́lá.

Ohun kan wà nínú ìwé náà tí ó yẹ kí àwa tí a fẹ́ràn ìtàn kíyè sí. Ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹwàá, 1860, àwọn ará Sísílì dìbò bóyá wọn yóò dara pọ̀ mọ́ Ítálì. Àkọsílẹ̀ sọ pé 432,053 ni ó dìbò bẹ́ẹ̀ ni, 667 péré ni ó dìbò rárá. Lampedusa mú wa lọ sí Donnafugata, ìlú àròsọ kan, níbi tí ẹni 512 ti dìbò, tí gbogbo wọn sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n Don Ciccio Tumeo, ọdẹ tí ń bá Ọmọba ṣọdẹ, mọ̀ pé rárá ni òun dì. Wọ́n ti gbé ìbò rẹ̀ mì. Òpìtàn yóò ka iye ìbò. Òǹkọ̀wé yìí béèrè ìbò ẹnì kan ṣoṣo. Nínú ìbò kan yẹn ni ó ti fi hàn pé irọ́ wà nínú ìpìlẹ̀ ìjọba tuntun náà.

Irú ìbànújẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀

Àwọn tí wọ́n ti kà á gbà pé ìwé ìbànújẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, nítorí èdè wa kò fi orúkọ kan ṣoṣo pe gbogbo ohun tí ń dun ọkàn. Ọ̀fọ̀ a máa tẹ̀lé ikú. A kò lè kí ẹni tí èèyàn rẹ̀ wà láàyè kú ọ̀fọ̀. Ìbànújẹ́ gbòòrò, ó lè jẹ́ ti owó tí ó sọnù tàbí ti ọmọ tí ó yàgò. Àárò ni ti ẹni tàbí ohun tí ó ti lọ, tí ọkàn kò sì yé wá a. Ohun tí ó ń ṣe Fabrizio sún mọ́ àárò ju àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀nà tirẹ̀. Àárò ohun tí kò tíì lọ ni ó ń sọ ọ́. Ó jókòó nínú ilé rẹ̀, ilé náà sì ti ń sọ ọ́ láàárò. Ó ń wo àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́nu oúnjẹ bí ẹni pé wọ́n ti jìnnà. Àwọn bàbá wa ní ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá. Fabrizio mọ èyí dáadáa. Ohun tí ó ń pọ́n ọn lójú ni pé ìgbà tirẹ̀ ń parí lójú rẹ̀, òun sì ṣì wà nínú rẹ̀.

Báwo ni ìwé ṣe ń fi irú nǹkan báyìí hàn? Asọ̀tàn ni Lampedusa lò. Asọ̀tàn rẹ̀ mọ ohun tí ń bọ̀. Ní apá kẹfà, níbi àríyá ijó ní Palermo ní 1862, àwọn òrìṣà tí wọ́n yà sí àjà ilé ń wo àwọn oníjó nísàlẹ̀, wọ́n rò pé àwọn yóò wà títí láé. Láìròtẹ́lẹ̀, asọ̀tàn fò kọjá ọgọ́rin ọdún, ó sọ fún wa nípa bọ́ǹbù kan tí wọ́n ṣe ní Pittsburgh, ní Amẹ́ríkà, tí yóò já wọn nírọ́ ní 1943. Lẹ́yìn náà ó padà sínú ijó bí ẹni pé kò sọ nǹkan kan. Ẹni tí ó bá rántí ààfin òǹkọ̀wé náà yóò mọ ibi tí bọ́ǹbù yẹn ti wá. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ilé tirẹ̀ ni ó fi há àárín ijó àwọn baba ńlá rẹ̀.

Ohun tí sinimá lè ṣe

Sinimá kò ní irú asọ̀tàn bẹ́ẹ̀. Ohun tí kámẹ́rà bá rí ni ó ń fi hàn, ohun gbogbo tí ó bá sì fi hàn, ìsinsìnyí ni. Kò lè dúró lágbedeméjì ijó kí ó sọ fún wa pé àjà ilé yìí yóò wó lọ́jọ́ kan. Bí olùdarí bá gbìyànjú rẹ̀, yóò di àlàyé.

Visconti mọ èyí. Ọmọ ilé ọlọ́lá ni òun náà, tí a bí ní Milan ní 1906. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ Kọ́múnísìtì ni ó bá lọ nínú èrò òṣèlú. Burt Lancaster, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ti fìgbà kan jẹ́ onídán ìtàkìtì, ni ó ṣe Fabrizio. Alain Delon ṣe Tancredi, Claudia Cardinale ṣe Angelica, Paolo Stoppa ṣe Sedara. Nínú ẹ̀dà ti èdè Ítálì, kì í ṣe ohùn Lancaster ni à ń gbọ́. Corrado Gaipa ni ó bá a sọ̀rọ̀. Àwọn kan rò pé àbùkù ni èyí. Ní tèmi, àǹfààní wà níbẹ̀: níwọ̀n ìgbà tí ohùn kì í ti í ṣe tirẹ̀, ara rẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí ó ṣe ń rìn, bí ó ṣe ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ó tó wọlé, bí èjìká rẹ̀ ṣe ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí òru ti ń jìn, ibẹ̀ ni a ti ń ka ohun tí asọ̀tàn ń sọ nínú ìwé.

Ohun kejì tí Visconti lò ni àkókò. Mo ti fi aago síwájú mi wo sinimá yìí, mo sì gbé ìwé náà lé ẹsẹ̀. Apá kan nínú mẹ́jọ ni àríyá ijó jẹ́ nínú ìwé. Nínú sinimá, tí ó gùn tó wákàtí mẹ́ta, nǹkan bí ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ni ijó náà gbà, ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo rẹ̀. Ààfin Gangi ní Palermo ni wọ́n ti yà á. Ní ìbẹ̀rẹ̀, aṣọ tí Piero Tosi ṣe, dígí àti iná àbẹ́là gba ojú wa. Nígbà tí ó yá, ooru bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn. Àwọn obìnrin ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara wọn, òógùn ń yọ lójú àwọn ọkùnrin. Àwa tí à ń wò ó náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀. Rírẹ̀ yẹn ni Visconti fẹ́. Fabrizio kúrò láàrin èrò, ó dúró níwájú àwòrán Greuze kan tí ó fi ọkùnrin tí ń kú lórí ibùsùn hàn, ó ń wo ikú ara rẹ̀ níbẹ̀. Ó bá Angelica jó ijó waltz kan, orin Verdi tí kò tíì sí ní títẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí Nino Rota tò fún àwọn olórin. Lẹ́yìn èyí ó wọ yàrá kékeré kan, ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, omijé sì yọ. Kò sí ẹni tí ó ṣàlàyé nǹkan kan fún wa. Bí ó bá jẹ́ pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ijó náà gbà, omijé náà ìbá jọ àṣejù. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú ogójì, ó tọ́ sí i.

Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ gígé fi ṣe pàtàkì. Sinimá náà gba ẹ̀bùn tí ó ga jù lọ ní Cannes ní 1963. Síbẹ̀, ilé iṣẹ́ 20th Century Fox gé e kù sí ìṣẹ́jú 161 fún àwọn tí ń gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, Visconti sì sọ gbangba pé òun kò fara mọ́ ọn. Àwọn tí ó gé e rò pé ibi tí nǹkan kò ti ṣẹlẹ̀ ni àwọn ń gé. Ṣùgbọ́n ibi tí nǹkan kò ti ṣẹlẹ̀ gan-an ni àárò wà.

Ohun tí Visconti fi kún un

Títí dé ibí yìí, a lè sọ pé olùdarí ń wá ọ̀nà láti sọ ohun tí òǹkọ̀wé ti sọ. Ṣùgbọ́n ó fi ohun méjì kún un tí ó yí ìtàn náà padà.

Èkíní ni ogun. Ní ọjọ́ 27, oṣù Karùn-ún, 1860, àwọn ọmọ ogun Garibaldi wọ Palermo. Nínú ìwé, ìròyìn ogun náà ni ó ń dé etígbọ̀ọ́ ilé Salina. Visconti gbé e sí ojú títì. A rí ìbọn, a rí òkú, a rí àwọn tí wọ́n yìnbọn pa lẹ́bàá ògiri àti àwọn obìnrin tí ń sáré kiri.

Èkejì ni àwọn ọmọ ogun tí wọ́n fẹ́ pa. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹjọ, 1862, ní Aspromonte, ọmọ ogun ìjọba Ítálì yìnbọn sí Garibaldi fúnra rẹ̀, wọ́n sì ṣe é léṣe lẹ́sẹ̀. Ìjọba tí ó jà fún ni ó yìnbọn lù ú. Pallavicino, ọ̀gágun tí ó ṣe iṣẹ́ náà, wà níbi àríyá nínú ìwé àti nínú sinimá. Ṣùgbọ́n Visconti nìkan ni ó sọ fún wa pé bí wọ́n ti ń jó, àwọn sójà tí wọ́n sá lọ bá Garibaldi ń dúró de ìbọn àfẹ̀mọ́júmọ́. Tancredi, ẹni tí ó ti jẹ́ ọmọ ogun Garibaldi rí, gbà pé ó yẹ kí wọ́n pa wọ́n. Ìbọn dún, Sedara, nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin rẹ̀, yin ọmọ ogun náà. Fabrizio kúnlẹ̀ níwájú àlùfáà tí ń lọ fún ẹni tí ń kú ní oúnjẹ mímọ́, ó sì rìn wọ ọ̀nà tóóró kan tí ó ṣókùnkùn.

Ibo ni Visconti ti rí èyí? Antonio Gramsci, tí ó kú ní 1937 lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́wọ̀n, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n so Ítálì pọ̀ láìfún àwọn àgbẹ̀ ní ilẹ̀, pé àwọn olówó tuntun àti àwọn ọlọ́lá àtijọ́ ni ó pín èrè náà. Ìtàn ìgbà náà ti èrò rẹ̀ lẹ́yìn. Ní oṣù Kẹjọ, 1860, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ ìlú Bronte ní Sísílì dìde láti gba ilẹ̀, tí wọ́n sì pa èèyàn, Nino Bixio, igbákejì Garibaldi, ní kí wọ́n yìnbọn pa márùn-ún nínú àwọn ará ìlú náà. Nítorí náà, nígbà tí Visconti jẹ́ kí ìbọn dún lẹ́yìn ijó, ó ń béèrè lọ́wọ́ àárò Fabrizio pé: ìwọ ń sunkún ìgbà tí ń lọ, ta ni yóò sunkún àwọn tí ìgbà tuntun ń pa?

Ohun tí ó yọ kúrò

Ohun tí a fi kún nǹkan kì í wá lásán. Visconti kò ya apá keje àti ìkẹjọ ìwé náà rárá. Ní apá keje, ní 1883, Fabrizio kú ní ilé ìtura kan ní Palermo. Mo gbà pé sinimá lè fi èyí sílẹ̀, nítorí ọ̀nà tóóró tí ó ṣókùnkùn yẹn ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n apá ìkẹjọ, tí ó jẹ́ ti 1910, ni mo ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.

Concetta ti di arúgbó nígbà náà. Kò fẹ́ ọkọ. Òun àti àwọn arábìnrin rẹ̀ ń gbé pẹ̀lú egungun àti aṣọ àwọn ẹni mímọ́ tí wọ́n rà, tí aṣojú ìjọ wá yẹ̀ wò, tí ó sì rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò níláárí. Ní ọjọ́ kan ṣáájú, ọ̀rẹ́ Tancredi àtijọ́ kan bẹ̀ ẹ́ wò. Láìmọ̀ pé ohun ńlá ni òun ń sọ, ó jẹ́ kí Concetta mọ̀ pé ìtàn tí Tancredi sọ ní 1860, tí ó bí i nínú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lé e sẹ́yìn, irọ́ àwàdà ni. Fún àádọ́ta ọdún ni ó ti dá ẹlòmíràn lẹ́bi. Ní ọ̀sán kan, ẹ̀bi náà padà sí ọ̀dọ̀ tirẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò bínú sí mọ́. Ajá bàbá rẹ̀, Bendicò, tí wọ́n ti fi nǹkan dí inú awọ rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti kú, ni ó ní kí wọ́n kó dànù lójú fèrèsé.

Ẹ wo ìyàtọ̀ náà. Àárò Fabrizio jẹ́ ti ohun tí kò tíì lọ. Ó ní ààfin, ó ní ìràwọ̀, ó ní ijó tí yóò ti dá dúró kí ó sì ronú. Ìbànújẹ́ Concetta jẹ́ ti ohun tí kò wá rí, kò sì ní ibi ẹlẹ́wà kankan tí yóò gbé e sí. Òun ni ó gbé ayé tí bàbá rẹ̀ kàn ń sọ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí sinimá dúró ní 1862, ó fi ìbànújẹ́ gbogbo lé ọkùnrin tí ń lọ lọ́wọ́, ó sì gbà á lọ́wọ́ obìnrin tí ó kù. Àwọn tí ó tún ṣe ìtàn náà ní apá mẹ́fà fún Netflix ní 2025 fi àyè tí ó pọ̀ sí i fún Concetta. Ó dàbí ẹni pé àwọn náà rí àlàfo yìí.

Àgbálọgbábọ̀

Kí ni a rí kọ́? Lójú mi, Visconti kò da ìwé náà, bẹ́ẹ̀ ni kò kàn ń tẹ̀lé e bí òjìji. Òpìtàn ni ó jẹ́ nínú iṣẹ́ yìí. Ó gba ìbànújẹ́ kan tí ó jẹ́ ti ìdílé, ó sì pín in: ó fi èyí tí ó pọ̀ jù sí ojú Fabrizio, ó fi díẹ̀ sára àwọn sójà tí a kò mọ orúkọ wọn, kò sì fi nǹkan kan sílẹ̀ fún Concetta ti 1910. A lè yìn ín fún pípín kejì, kí a sì bá a wí fún ẹ̀kẹta, láìsọ pé sinimá náà kò dára.

Bí a bá tún jókòó láti wo sinimá tí wọ́n fi ìwé tiwa ṣe, ẹ má ṣe jẹ́ kí a ka iye ìṣẹ̀lẹ̀ tí wọ́n fò nìkan. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tí ó ń sunkún nínú ìwé, kí a wo ẹni tí ó ń sunkún lójú agbo sinimá, kí a sì béèrè ìdí tí wọn kò fi jẹ́ ẹnì kan náà. Bí wọ́n ti béèrè ìbò Ciccio Tumeo láàrin 512, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí àwa tí ń ka ìwé máa béèrè ẹkún ẹnì kan tí wọn kò kà mọ́ ti àwọn yòókù.